"Bíréèkì ló já": ta ni yóò tún ọkọ̀ tí wọ́n rọ́ lù láti ẹ̀yìn ṣe?

Àkànbí_Adó
Èkìtì kete o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyàwó mi dúró ní Ajílọ́sùn kí àwọn ọmọ ilé-ìwé lè sọdá títì, ni ọkọ̀ akóbúrẹ́dì kan bá rọ́ lù ú láti ẹ̀yìn. Bùútù wọlé débi ìjókòó ẹ̀yìn, iná méjèèjì fọ́, ọrùn sì ń dun ìyàwó mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Dérébà bọ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Mọ̀mí, bíréèkì ló já, àfọwọ́fà mi kọ́." Ẹni tó ni ọkọ̀ dé, ó ní òun kọ́ lòun wà á, ká lọ bá dérébà. Dérébà ní owó oṣù òun ò tó ra iná ẹ̀yìn kan. Ní tésàn, wọ́n ní ká lọ yanjú ẹ̀ láàárín ara wa. Àwọn àgbà àdúgbò náà ti ń bẹ̀ mí pé kí n fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, ṣé bí bíréèkì bá já, kò sẹ́ni tó jẹ̀bi mọ́ nìyẹn? Ta sì ni mo lè mú, dérébà ni àbí ọ̀gá rẹ̀?

Ìyá_Ìbejì_Ìkẹ́rẹ́
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bàbá. Ẹ fi ọ̀rọ̀ bùútù sílẹ̀ ná, ọrùn yẹn ni kẹ́ ẹ mójú tó. Nọ́ọ̀sì ni mí. Tí ọkọ̀ bá gbá ọkọ̀ lẹ́yìn, ìjókòó á ti ara síwájú, orí á sì ṣẹ́ sẹ́yìn, iṣan ọrùn á fà. Lọ́jọ́ náà gan-an, ẹni náà á ní kò sí nǹkan kan. Tó bá di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, kò ní lè yíjú. Tí apá rẹ̀ bá ń kú tàbí tí ìka ń jó o, ẹ má fi róòbù ra á nílé, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Ẹ gba ìwé dókítà, kẹ́ ẹ sì tọ́jú gbogbo rìsíìtì.

Nítorí àwọn mìíràn tó ń kà á: òfin ìlera orílẹ̀-èdè wa ti 2014 ní ọsibítù kankan kò gbọdọ̀ kọ ẹni tí ìtọ́jú rẹ̀ jẹ́ pàjáwìrì, ohun yòówù kó fà á. Ẹni tó bá kọ̀, ìtanràn 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n tó lè tó oṣù 6 ni, ó sì lè jẹ́ méjèèjì. Torí náà tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ mú ìwé ọlọ́pàá wá nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ń dà, ẹ rán wọn létí.

Dérébà_Ìjerò
Ẹ má bínú sí mi o, ẹ̀yin ará. Ọkọ̀ ni mo fi ń jẹun. Bíréèkì ń já lóòótọ́! Kì í ṣe gbogbo dérébà ló ń sáré àsápajúdé. Ẹ lọ sọ òkè Ẹ̀fọ̀n kalẹ̀ pẹ̀lú ẹrù iṣu lẹ́yìn, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi bí ẹsẹ̀ yín ṣe rí. Ẹ̀yin ẹ mọ ohun tí ojú wa ń rí lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀? O máa sọ fún ọ̀gá pé bíréèkì ń dún, ó ní kó o ṣì máa rọra lò ó bẹ́ẹ̀ títí oṣù á fi parí. Tí nǹkan bá wá ṣẹlẹ̀, dérébà ni gbogbo ayé ń bú. Kí Àkànbí rọra o. Ọmọ ẹni ẹlẹ́ni náà ní ìyàwó.

Lọ́yà_Òkèṣà
Ẹ̀gbọ́n Ìjerò, ẹ ṣeun. Ohun tẹ́ ẹ sọ nípa ọ̀gá yẹn gan-an ni ọkàn ọ̀rọ̀ yìí, ẹ ti bá mi ṣe ìdajì iṣẹ́.

Àkànbí, ẹ gbọ́. Ẹni tó bá gbá ọkọ̀ tó dúró lẹ́yìn, kóòtù á kọ́kọ́ rí i bí ẹni tí kò fi àyè tó tọ́ sílẹ̀ tàbí tí kò fọkàn sí ọ̀nà. Òun ló máa ṣàlàyé. Tó bá wá ní bíréèkì ló já, ìyẹn nìkan kò gbà á là. Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ni pé: kí ló mú un já? Ìgbà wo lẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn? Mẹkáníìkì wo ló ṣe é? Ìwé dà? Ẹni tó bá lè fi hàn pé òun ń tọ́jú ọkọ̀ òun déédéé, pé àbùkù náà fara sin débi pé ẹni tó ní làákàyè kò lè rí i, ó lè bọ́. Ẹni tí bíréèkì rẹ̀ ti ń ké láti oṣù tó kọjá, kò ní àlàyé kankan.

Ti dérébà àti ọ̀gá: ẹ má yan ọ̀kan. Tí dérébà bá ń gbé búrẹ́dì ọ̀gá lọ, iṣẹ́ ọ̀gá ló ń jẹ́, ẹ̀bi rẹ̀ sì kan ọ̀gá. "Èmi kọ́ ni mo wà á" kì í ṣe èsì nínú òfin. Ó máa jẹ́ èsì tí dérébà bá jí ọkọ̀ gbé jáde, tàbí tó fi lọ sóde ìyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ pe àwọn méjèèjì lẹ́jọ́ pọ̀. Dérébà ló ṣe é, ọ̀gá ló lówó.

Mẹkáníìkì_Baṣírí
Mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n Ìjerò gbọ́ èyí dáadáa, torí ojoojúmọ́ ni mo ń tú bíréèkì. Bíréèkì kì í sábàá já lójijì bẹ́ẹ̀ tí ẹ ń wí. Ó máa ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Páàdì tó ti jẹ tán á máa han bí irin. Ẹsẹ̀ bíréèkì á máa lọ sílẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá. Òróró rẹ̀ á máa dín kù tàbí kó dúdú. Òróró bíréèkì ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, omi yẹn ni yóò hó nígbà tí bíréèkì bá gbóná, ẹ ó tẹ ẹsẹ̀, á rọ̀ bíi tìmùtìmù, ọkọ̀ ò ní dúró.

Ìdí nìyẹn tí òkè Ẹ̀fọ̀n fi ń pa wá. Dérébà á fi gía ńlá sọ̀ kalẹ̀, á gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì láti òkè dé ìsàlẹ̀, á gbóná yòò. Àwọn mìíràn tún ń gbé e sí niútírà kí epo má baà jó! Gía kejì tàbí kìn-ín-ní ni kẹ́ ẹ fi sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì máa di ọkọ̀ mú. Bó bá jẹ́ ọ̀tọ̀mátíìkì, L tàbí 2 tó wà lára gía yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́.

Dérébà_Ìjerò
Mo gbọ́, Baṣírí. Mi ò bá ẹ jà lórí niútírà, àwọn ọmọ kékeré ló ń ṣe ìyẹn. Ṣùgbọ́n bá mi sọ fún àwọn ọlọ́kọ̀ kí wọ́n máa ra páàdì gidi. Tí wọ́n bá ra ayédèrú, dérébà ló ń kú sí i.

Ẹ ò rántí Ìwòròkò ní Oṣù Kìn-ín-ní 2019, nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù kan ya wọ àárín èrò? Àwọn ọmọ yunifásítì wà lára àwọn tó bá a lọ. Láti ìgbà yẹn, tí mo bá ti ń sún mọ́ ọjà tó wà létí títì, mo ti máa ń dín eré kù kí n tó rí ènìyàn kankan.

Bàbá_Ìjàn
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ọ̀rọ̀. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Àkànbí, ọmọ ìlú kan náà ni ìwọ àti ọlọ́búrẹ́dì yẹn. Pe àgbà méjì sí i, kí ó san ohun tó lè san, kẹ́ ẹ túká. Ọdún mélòó lẹ fẹ́ lò ní kóòtù nítorí bùútù?

Lọ́yà_Òkèṣà
Bàbá, mo kí yín. Èmi náà kì í sáré gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù. Kí wọ́n yanjú ẹ̀ nílé, ó dáa. Ṣùgbọ́n ìpẹ̀tù tí kò ní ìwé, ìjà ọjọ́ iwájú ni. Kí iye owó wà níbẹ̀, kí ọjọ́ tí yóò san án wà níbẹ̀, kí ọ̀gá fọwọ́ sí i, kì í ṣe dérébà nìkan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan nípa tésàn, torí ọ̀pọ̀ ń ṣì í gbọ́. Ọlọ́pàá lè ṣe ìwádìí ìjàǹbá, wọ́n sì lè gbé ẹni tó wakọ̀ wàràwàrà lọ sí kóòtù. Ìyẹn jẹ́ ẹjọ́ ìjọba. Gbígba owó ọkọ̀ yín jẹ́ ẹjọ́ tiyín, ọ̀tọ̀ ni. Òfin ọlọ́pàá ti 2020 kò fún wọn láyè láti ti ẹnikẹ́ni mọ́lé torí gbèsè tàbí àríyànjiyàn owó lásán. Torí náà ẹ má retí pé wọ́n á bá yín gbowó. Ohun tẹ́ ẹ nílò lọ́dọ̀ wọn ni ìròyìn ìjàǹbá tí wọ́n kọ, àwòrán ibi tó ti ṣẹlẹ̀, àti ìwé àyẹ̀wò tí VIO, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ọkọ̀ wò, ṣe lórí ọkọ̀ náà. Ìwé VIO yẹn ló máa sọ bóyá bíréèkì já lóòótọ́. Kí ẹnikẹ́ni má tú ọkọ̀ náà kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Tísà_Ìkọ̀lé
Ẹ jọ̀ọ́, ìnṣọ́ránsì ńkọ́? Kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹ̀ látìgbà tẹ́ ẹ ti ń sọ̀rọ̀. Àbí àwa nìkan là ń sanwó ẹ̀ ní Ìkọ̀lé?

Ọmọ_Ọ̀muò
Ìnṣọ́ránsì kẹ̀? Ìwé táa fi ń kọjá lọ́dọ̀ ọlọ́pàá nìyẹn. Mi ò tíì rí ẹni tí wọ́n sanwó fún rí.

Lọ́yà_Òkèṣà
Ọmọ Ọ̀muò, tí ìwé tó o rà lábẹ́ igi bá jẹ́ ayédèrú, wọn ò ní sanwó fún ẹ lóòótọ́. Tó bá jẹ́ ojúlówó, ó ń ṣiṣẹ́. Láti January 2023, ìnṣọ́ránsì tẹ́ẹ̀dì-páàtì ti ọkọ̀ aládàáni kúrò ní 5,000 náírà, ó di 15,000. Ohun tó wà lẹ́yìn owó yẹn ni pé tó o bá ba ọkọ̀ tàbí ilé ẹlòmíràn jẹ́, ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì lè san tó mílíọ̀nù 3. Ti ikú àti ìfarapa tún wà lọ́tọ̀. Láti February 2025 ni ọlọ́pàá ti ń yẹ̀ ẹ́ wò kárí orílẹ̀-èdè. Fi nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ wá a lórí askNIID, ìkànnì ayélujára tí wọ́n ń kó orúkọ àwọn ọkọ̀ tó ní ìnṣọ́ránsì sí, kó o mọ̀ bóyá orúkọ rẹ wà níbẹ̀. Tí kò bá sí níbẹ̀, bébà lo rà.

Ẹ má ṣì í gbọ́ o: tẹ́ẹ̀dì-páàtì kì í tún ọkọ̀ ẹni tó rà á ṣe. Ti ẹni tí wọ́n kọlù ni. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n tún tirẹ̀ náà ṣe, comprehensive ni kó rà.

Àkànbí, nọ́ńbà ọkọ̀ búrẹ́dì yẹn ni kẹ́ ẹ fi wá a. Tí ó bá ní ìnṣọ́ránsì, ẹ kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ náà lónìí. Tó bá sì di ti kóòtù, ilé iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ gbọ́ kẹ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ tàbí láàárín ọjọ́ 7 tó bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ lè borí lórí dérébà àti ọ̀gá, kí ẹ má sì rí kọ́bọ̀ gbà lọ́wọ́ ìnṣọ́ránsì.

Àkànbí_Adó
Ọlọ́run á san án fún yín. Mo ti rí i, ó ní ìnṣọ́ránsì! Ọ̀gá náà tún ti pè mí lówùúrọ̀ yìí. Ó ní òun á fún mi ní 80,000, kí n fọwọ́ sí ìwé kan pé ọ̀rọ̀ ti parí. Panẹbítà ní iṣẹ́ bùútù nìkan ju ìyẹn lọ. Ṣé kí n gbà á, kí n wá máa béèrè ìyókù lẹ́yìn?

Lọ́yà_Òkèṣà
Ẹ má fọwọ́ sí i. Tí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí pátápátá, ó parí nìyẹn, kò sí ìyókù tẹ́ ẹ máa béèrè. Àti pé ọkọ̀ lè jẹ́ tiyín, bàbá, ọrùn kì í ṣe tiyín. Ìyàwó yín ló farapa, òun ló ni ẹ̀tọ́ yẹn, òun ló sì lè sọ pé òun fi sílẹ̀. Ẹ dúró kí dókítà parí iṣẹ́ rẹ̀ ná.

Nípa iye owó, ẹ má lọ sí kóòtù pẹ̀lú ẹnu lásán. Owó tẹ́ ẹ bá ní ẹ ná, kóòtù wa máa ń béèrè rìsíìtì rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ gba ìṣirò lọ́wọ́ panẹbítà méjì tàbí mẹ́ta, kí orúkọ ilé iṣẹ́ àti ọjọ́ wà lórí bébà. Owó táksí tí ìyàwó yín ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ báyìí, ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn fọ́tò tẹ́ ẹ fi fóònù yà, ẹ má pa á rẹ́ lórí fóònù náà torí pé ẹ ti fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Abala 84 òfin ẹ̀rí ti 2011 ní àwọn ohun tó máa béèrè kí kóòtù tó gba irú fọ́tò bẹ́ẹ̀. Kí ẹni tó yà á múra láti sọ fóònù tó fi yà á àti pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ẹni tí kò lówó lọ́yà lè lọ bá Legal Aid Council.

Tísà_Ìkọ̀lé
Lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ ti ìkọlù ojúkojú, torí òun ló ń pa ènìyàn jù lọ́nà wa yìí. Ọkọ̀ méjì pàdé níbi kọ́nà, ẹnì kan ń sáré kọjá tírélà, ó di gbàù. Ta ló jẹ̀bi?

Lọ́yà_Òkèṣà
Ẹni tó kúrò ní ọwọ́ tirẹ̀. Ìlà funfun tí kò gé láàárín títì ń sọ pé má kọjá níbí, kọ́nà òkè Èkìtì sì kún fún un. Wọ́n á wo ibi tí gíláàsì fọ́ sí, ibi tí táyà fi àmì sí, ìhà wo ni ọkọ̀ méjèèjì dúró sí. Tó bá jẹ́ pé àwọn méjèèjì ló wà láàárín títì, kóòtù lè pín ẹ̀bi. Tó bá sì jẹ́ pé ẹni tí wọ́n kọlù ń sáré kọjá òfin, tàbí tí kò de bẹ́líìtì, wọ́n lè gé lára owó tó yẹ kó gbà. Òfin ní 50 kìlómítà ní wákàtí kan ni eré tó pọ̀ jù láàárín ìlú. Mo mọ̀ pé ẹ máa rẹ́rìn-ín, mo ń gbé ní Adó náà.

Mẹkáníìkì_Baṣírí
Ti táyà náà, ẹ jọ̀ọ́. Táyà tòkunbọ̀ ló ń bẹ́ jù. Ẹ wo ara táyà, níbi tí wọ́n kọ DOT sí, nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn. Tó bá jẹ́ 2316, ọ̀sẹ̀ 23 ní ọdún 2016 ni wọ́n ṣe é. Ó lè máa dán, kí eyín rẹ̀ sì ga, rọ́bà inú rẹ̀ ti gbó. Ẹni tó gbé irú ẹ̀ wọ ọ̀nà Adó sí Àkúrẹ́ tó sì bẹ́ lójú kòtò, tó wá ní àwọn ayé ló ṣe òun, kí lọ́yà bi í ní nọ́ńbà táyà rẹ̀.

Ọmọ_Ọ̀muò
Ó dáa, ẹ ti ń dá mi lójú díẹ̀díẹ̀. Màlúù ńkọ́? Àbúrò mi gbá màlúù lóru lọ́nà ibí, iwájú ọkọ̀ rún wómúwómú. Àwọn tó ń dà á dé, wọ́n tún ní kó san owó màlúù!

Lọ́yà_Òkèṣà
Òfin ìjẹko tí Èkìtì ṣe ní 2016 kò gbà kí ẹnikẹ́ni máa da màlúù kiri lẹ́yìn agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó jẹ́ kí ẹran rẹ̀ wà lójú títì lóru, òun ló ní àlàyé láti ṣe. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kẹ́ ẹ mọ ẹni tó ni ẹran gan-an, ẹni tó ń dà á lè má ní nǹkan kan. Kí àbúrò rẹ gba ìròyìn ọlọ́pàá lọ́wọ́. Wọ́n á bi òun náà bóyá iná iwájú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́.

Kí n tó gbàgbé, ẹni tí ọkọ̀ bá kú fún lójú títì lóru, tí kò gbé C-caution, àmì ìkìlọ̀ onígun mẹ́ta yẹn, sẹ́yìn, tí ẹlòmíràn sì wá kọlù ú: òun náà ní ìpín nínú ẹ̀bi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n kọlù ú láti ẹ̀yìn. Ewé igi kì í ṣe C-caution.

Dérébà_Ìjerò
Ewé igi ti gba ẹ̀mí mi là rí o, lọ́yà 😄 Ṣùgbọ́n mo ti rà á.

Bàbá_Ìjàn
Tó bá wá jẹ́ ọkọ̀ ìjọba ló gbá ènìyàn ńkọ́? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń lọ jẹ́jẹ́ lórí ọ̀kadà rẹ̀, ọkọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba kan gbá a. Wọ́n ní kó ní sùúrù, àwọn ń kọ̀wé lọ sókè.

Lọ́yà_Òkèṣà
Bàbá, kí ó má ní sùúrù. Òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba fún un ní oṣù 3 péré láti ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ kó fi pẹjọ́. Ìwé tí wọ́n ń kọ lọ sókè kò dá ọjọ́ dúró. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tó dáa ló ti kú síbẹ̀. Kó wá lọ́yà lọ́sẹ̀ yìí.

Ìyá_Ìbejì_Ìkẹ́rẹ́
Lọ́yà, ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ mi. Èmi tí mo wọ táksí lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀ láti Ìkẹ́rẹ́ sí Adó, tí ọkọ̀ méjì bá kọlu ara wọn, èmi ò wa ọkọ̀ kankan. Ọ̀dọ̀ ta ni mo máa lọ?

Lọ́yà_Òkèṣà
Ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì, ìyá. Ẹ pe dérébà táksí àti ẹni tó ni ín, ẹ pe ti ìkejì náà, kí kóòtù pín ẹ̀bi láàárín wọn. Èrò kì í fi bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀bi, àfi tẹ́ ẹ bá mọ̀ọ́mọ̀ wọ ọkọ̀ ẹni tó ti mutí yó, tàbí tẹ́ ẹ kọ̀ láti de bẹ́líìtì. Torí pé ẹ sanwó wọ ọkọ̀, ìnṣọ́ránsì tẹ́ẹ̀dì-páàtì táksí náà gbọ́dọ̀ bo ìfarapa yín. Ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kàn gbé lọ́fẹ̀ẹ́ kò sí lábẹ́ ìyẹn dandan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ gan-an ló máa dojú kọ. Kẹ́ ẹ tó jókòó láràárọ̀, ẹ kọ nọ́ńbà táksí náà ránṣẹ́ sí ẹnì kan nílé.